Ọ̀rọ̀ Tèmi, Orúkọ Dàpọ̀

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, wọ́n sì lé ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọ̀gá wa ní kí n máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níṣẹ́. Òfin tí mo rú gan-an ni mo fẹ́ máa kọ́ wọn.

Mi ò kàwé kọjá girama. Ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Dàpọ̀, ará Ìyìn, ló kọ́ mi. Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń kó iṣẹ́ sí. Bí èèyàn bá ti fi iṣẹ́ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á hàn lára rẹ̀.

Dàpọ̀ máa ń sọ fún mi pé, "Àbúrò, ohun tí o bá ń bá ara rẹ sọ, inú fáìlì tìrẹ ni kó wà. Má kó o mọ́ iṣẹ́ gbogbo wa. Ṣé gbogbo ohun tó wà ní yàrá lò ń gbé wá sí pálọ̀ ni?"

Mi ò gbọ́. Àárín iṣẹ́ ni mo ń kọ tèmi sí kí n má baà gbàgbé, lédè ìlú mi, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ìjan.

Kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́, mo yá ti Dàpọ̀. Ilé-ìwé kan la ń bá ṣe ètò tí wọ́n á fi máa ṣírò èsì ìdánwò. Mo kọ ọ́ sáàárín rẹ̀ pé ìyá tó ni ilé-ìwé náà ò mọ ohun tó ń fẹ́: bó bá ní funfun láàárọ̀, á ní dúdú nírọ̀lẹ́. Mo gbàgbé, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ Dàpọ̀ ló bá a lọ, torí òun ló ni kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá ṣí iṣẹ́ náà han ìyá yẹn. Ọmọ Èkìtì ni, ó kà á yékéyéké. Ó dìde, ó gba iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa.

Ọ̀gá pe Dàpọ̀. Dàpọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, a kì í sọ̀rọ̀ báyìí ní Ìyìn."

Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe Èkìtì kan náà ni gbogbo yín?"

Èmi nìkan ni ará Ìjan níbẹ̀. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Dàpọ̀ ò dárúkọ mi, ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí.

Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta fóònù ní Ìyìn báyìí. A pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Àbúrò, ṣé fáìlì rẹ ti wà lọ́tọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀gá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí òun? Bí mo bá ṣí iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Orúkọ rere rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì dá a padà.