Dúrọ́mù Ẹnu Ọ̀nà Mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, okun o. Ẹ kú ìbànújẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Abígẹ́lì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti wò yín.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Isaiah ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní Kàbà, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ìyàmoyè. Ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kúrò lára rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú yín? Ó ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbé dúrọ́mù omi sẹ́nu ọ̀nà nígbà ọyẹ́, nítorí iná. Ní gbogbo Sátidé, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Bí kò bá kan omi, á jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi pọnmi dé. Ọjọ́ Iléyá pàápàá, wọ́n gbé ẹran fún un, ó ní omi lòun wá wò. Àwa ń rẹ́rìn-ín, à ń pè é ní Bàbá Dúrọ́mù. Èmi Oyèbánjí ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi kò wò ó. Ìgbéyàwó ọmọ mi Ọmọ́yẹlé kù sí dẹ̀dẹ̀, ìkòkò ọtí kò tó. Ni mo bá da omi iná nù, mo rẹ ọkà bàbà sínú dúrọ́mù, mo sẹ́ ẹ, mo fi ewé bò ó kó lè hù fún ọtí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé ní Sátidé, mo dúró dí i lọ́nà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kún." Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná tí àwọn ọdẹ fi sun igbó ràn mọ́ ilé ìdáná mi. Ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé. Ó ti garawa bọ dúrọ́mù, ọkà ló bù. Ó wò mí. Ó ju garawa sílẹ̀, ó wọlé, ó ti ìyá mi jáde, òrùlé bẹ́ẹ̀rẹ̀ sì wó lé e.

Ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ mi ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. Kí ọ̀nà yín tutù. Mo ti pọnmi, ó kún dé ẹnu. Lọ́la, Sátidé, bí wọ́n bá ń gbé yín kọjá, màá ní kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ má gbà mí gbọ́ mọ́. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ.