Múdù Ta Ni?

[Fóònù ń dún. Klípà onígẹ̀run ń han bíi bàlúù tó fẹ́ balẹ̀.]

ABDULRAZAQ: Àsàlámù àlékùm, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún ọ̀la, ẹ kú—

KHÀDÍJÀH: Wàálékùm sàlámù. Ibo lo wà?

ABDULRAZAQ: Barbing salon, ní Sábó. Igba èèyàn ló wà níwájú mi.

KHÀDÍJÀH: Igba?

ABDULRAZAQ: Ó dáa, mẹ́ta.

KHÀDÍJÀH: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni. Gbogbo Òkèrèwè ń ta sánsán jọ́lọ́ọ̀fù, àfi kíṣìnì tiwa. Yàrá Tẹniọlá ló ti ń wá, ọmọ yunifásítì tó rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn.

ABDULRAZAQ: Áà, ó ti sè é?

KHÀDÍJÀH: Ó ti se kí ni?

ABDULRAZAQ: Oúnjẹ. Ṣebí ẹ ní ó ń ta sánsán.

KHÀDÍJÀH: Hẹn. Àpò ìrẹsì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dà?

ABDULRAZAQ: Ó wà níbẹ̀ kẹ̀.

KHÀDÍJÀH: Àpò ló wà níbẹ̀. Ìrẹsì inú ẹ̀ ni mò ń bèèrè.

ABDULRAZAQ: Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wọn sàká ìtúnu! Mo ti wọ̀n ọ́n. Látìgbà tí wọ́n ti dá Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan ò yọ irú sàká yìí rí.

KHÀDÍJÀH: Sàká èèyàn mẹ́jọ ló kó odidi àpò lọ?

ABDULRAZAQ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

KHÀDÍJÀH: Mo gbọ́ ọ ketekete. Ta lo tà á fún?

ABDULRAZAQ: Tà? Èmi? Haba, Àǹtí Khàdíjàh!

KHÀDÍJÀH: Màmá Fáníyì tó wà lójúlé kejì rí ọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo gbé ìrẹsì sórí ọ̀kadà.

ABDULRAZAQ: Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni!

KHÀDÍJÀH: Hẹn-hẹ́n! Ẹnu ẹ náà ló sọ ọ́.

ABDULRAZAQ: Mò ń pín in kiri ni! Àwọn opó agbo ilé Àyàndélé, bàbá afọ́jú ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí ọrùn fi ń ro mí. Wọ́n tó ọgọ́rùn-ún—

KHÀDÍJÀH: Mélòó?

ABDULRAZAQ: Mẹ́sàn-án.

KHÀDÍJÀH: Ẹni tó sọ mẹ́sàn-án di ọgọ́rùn-ún, òun ni kí n gbà gbọ́? Ọ̀la làwọn àna Ràbíátù àbúrò ẹ ń bọ̀ o. Ogójì ẹnu! First time tí wọ́n máa jẹun nílé wa. Kí ni wọ́n á jẹ, irun tí wọ́n ń gẹ̀ fún ẹ yẹn?

ABDULRAZAQ: Simple mathematics, ẹ̀gbọ́n mi. Àwa mélòó la wà nílé?

KHÀDÍJÀH: Mẹ́jọ.

ABDULRAZAQ: Mélòó ni Alífà ní ká yọ níwàásù Jímọ̀? Múdù mẹ́rin lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ?

KHÀDÍJÀH: Méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹn-ẹ́n, dúró. Dúró ná. Kí lo fi wọ̀n ọ́n?

ABDULRAZAQ: Ẹ̀n?

KHÀDÍJÀH: Ṣé o gbọ́ mi? Kí lo fi wọn ìrẹsì?

ABDULRAZAQ: Múdù. Ṣé ṣíbí ni ǹ bá fi wọ̀n ọ́n ni?

KHÀDÍJÀH: Múdù ta ni?

ABDULRAZAQ: Múdù mélòó ló wà láyé? Mo yá ti Mùhámmẹ́d onírẹsì ní Sábó níbí. Abọ́ irin gbàǹgbà yẹn.

[Khàdíjàh ń gbọn àpò òfìfo.]

ABDULRAZAQ: Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

KHÀDÍJÀH: Abdulrazaq. Múdù Ànábì ni Alífà ń sọ. Kéèyàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó bu ẹ̀kún-un ẹ̀. Mẹ́rin irú ẹ̀, kóńgò kan àbọ̀ lé díẹ̀ ni. Múdù Sábó kan péré ti tó kóńgò kan! O yọ kóńgò mẹ́rin lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa!

[Klípà dákẹ́.]

ABDULRAZAQ: Kí ló wá dé tórúkọ wọn fi jọra?

KHÀDÍJÀH: Ọdún mélòó lo lò nílé kéwú?

ABDULRAZAQ: Méje.

KHÀDÍJÀH: Mẹ́ta!

ABDULRAZAQ: Alífà ò pe Ànábì mọ́ ọn.

KHÀDÍJÀH: Ó pè é. Fóònù lò ń tẹ̀.

ABDULRAZAQ: Ẹ jẹ́ n sáré lọ gbà á padà—

KHÀDÍJÀH: Sàká! Lọ́wọ́ afọ́jú! Ṣé orí ẹ pé?

ABDULRAZAQ: Ẹ ṣáà ti gbà báyìí pé mi ò tà á.

KHÀDÍJÀH: Mo gbà. Olè kan ò lè gọ̀ tó báyìí.

ABDULRAZAQ: Alhamdulillah.

KHÀDÍJÀH: Iṣu Bàbá wà nílẹ̀. Ìwọ lo máa gún un lọ́la. Ogójì ẹnu, ìwọ nìkan.

ABDULRAZAQ: Ogójì péré? Mo lè gún ti gbogbo Ifẹ̀, kí n tún gún ti Modákẹ́kẹ́ kún un!

KHÀDÍJÀH: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tí mo ra àpò yẹn, ojú mi ni Mùhámmẹ́d ti wọ̀n ọ́n. Múdù kan náà yẹn.

ABDULRAZAQ: Ẹn-ẹ́n?

KHÀDÍJÀH: Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

ABDULRAZAQ: Ẹ... ẹ kú ọpọlọ.

KHÀDÍJÀH: O pín méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ̀kan yòókù dà?

ABDULRAZAQ: Hẹ́lò? Ẹ ń já o. Network Sábó yìí—

KHÀDÍJÀH: Network ò ṣe nǹkan kan! Tẹniọlá wá di opó nígbà wo?

ABDULRAZAQ: Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́— ẹ—

KHÀDÍJÀH: Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ọmọ yẹn báyìí. Ṣé o gbọ́ mi? Abdulrazaq! Mò ń kàn án—

[Kó, kó, kó. Ilẹ̀kùn ṣí. Fóònù já.]