Kọ́tìnì Tí Kò Gbọdọ̀ Fojú Kan Eruku

Ẹ má kí mi káàbọ̀, Bọ̀dá mi, ẹ má kí mi rárá, ẹ kọ́kọ́ wò mí ná! Ẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣé ẹ dá mi mọ̀? Ṣebí àbúrò yín ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ mọ́tò yín láàárọ̀ àná, àbí mo ti di ògiri báyìí? Ẹ wo ìpéǹpéjú mi. Ẹ wo imú mi. Ẹ wò ó, mo fọwọ́ nu ọrùn mi báyìí, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, amọ̀ ni, amọ̀ tí èèyàn lè fi rẹ́ ilé! Ṣíọ̀! Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti ń tutọ́, itọ́ náà ṣì ń pọ́n.

Rárá, mi ò jókòó. Ẹ jẹ́ kí àga yín máa funfun lọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ mi pọ̀, tí mo bá sì dákẹ́ láti mí, ẹ má rò pé mo ti parí o.

Aṣọ ọmọ ti bàjẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Aṣọ ìgbéyàwó tí mo fi oṣù méjì gbáko rán fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé fi lé èmi àti ẹ̀yin lọ́wọ́ kó tó dákẹ́, aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí òní sì ti jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó bàjẹ́ nínú mọ́tò yín. Òun ló wà nínú ìdì tí mo gbá mọ́ra yìí. Mi ò tíì ní í tú u. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ẹ̀n? Ẹ tún ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀? Kọ́tìnì ló ṣẹlẹ̀! Kọ́tìnì tí mo fi ọwọ́ ara mi rán fún yín, òun ló ṣẹlẹ̀!

Ẹ jẹ́ n rán yín létí, torí ẹ̀yin ọkùnrin tètè máa ń gbàgbé ohun tí kò bá dùn yín. Nígbà tí àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé eruku fẹ́ pa àwọn nínú mọ́tò yín, pé àwọn á kúkú padà sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ta lẹ sáré wá bá? Àbúrò yín aránṣọ lẹ sáré wá bá. Mo sì wá. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, mo ní kí Ìjì wà á lọ, kó wà á bọ̀. Ìjì, dẹ́rẹ́bà yín, tí wọ́n sọ ní Ìjì nítorí eré àsápajúdé. Mo so fọ́nrán òwú kan mọ́ igi ẹ̀yìn, mo sì ń wò ó. Ẹ̀yin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé eruku ni mo fẹ́ fi òwú mú ni. Ṣùgbọ́n kí ni òwú ṣe? Bí mọ́tò ṣe mú eré, òwú kò fẹ́ lọ sẹ́yìn o, inú ló ń fẹ́ sí, ó ń fẹ́ bọ̀ wá nà mí lójú! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, Bọ̀dá mi, táyà ló ń tú eruku, ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé wá bá èrò, ẹ jẹ́ ká fi kọ́tìnì dí ẹ̀yìn. Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mi orí lọ.

Mo gé kánfáàsì sí ìwọ̀n ẹ̀yìn gẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lu ihò sí etí ẹ̀ yíká, mo fi okùn sí i, ohun tí wọ́n kàn máa so mọ́ igi ni, kó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ìgbà tí mo ń parí lọ lẹ yọ sí mi pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ẹ ní kí n fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ sára ẹ̀, gàdàgbà-gadagba, kí ẹni tó wà lókèèrè lè kà á. ERUKU Ò SÍ NÍBÍ. Mo kọ ọ́. Èmi òmùgọ̀, mo tún ṣe òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!

Àfi bí mo ṣe gbé aṣọ ọmọ dé ìdí mọ́tò láàárọ̀ àná, tí mo wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wá kọ́tìnì títí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo ti rí i, wọ́n nà án kalẹ̀ kó kọjú sí àwọn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ṣe fáàrí. Mo ní, Ìjì, kí ló dé? Ẹ mọ ohun tó sọ? Ojú ẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ní tí a bá ta á sẹ́yìn, eruku á bo lẹ́tà."

Ẹ jẹ́ n tún un sọ, kí etí yín gbọ́ ọ. Eruku á bo lẹ́tà! Kọ́tìnì eruku! Wọn ò fẹ́ kí eruku bà á!

Ẹ dúró, mi ò tíì parí. Mo rò pé bóyá ẹ̀gbẹ́ tó wà náà á gbà wá díẹ̀. Bí a ṣe jáde nínú ìlú báyìí, tí ilé tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Ìjì dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú kọ́tìnì, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a dáadáa, ó dì í sínú àpò mímọ́, ó sì tì í sábẹ́ ìjókòó ara ẹ̀. Ó ní tí a bá fẹ́ wọ ìlú kejì lòun á tún ta á. Ẹ gbà mí o! Èrò mọ́kànlá wà níta gbangba, kọ́tìnì wà nínú àpò! Mo fi ìyá tó bí wa búra, tí ẹ bá rí bó ṣe rọra ń ká a, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló ń tẹ́ sùn.

Níbo ni mo sì jókòó sí? Ẹ̀yìn náà ni. Ṣebí òfin yín ni pé èèyàn ilé kò gbọdọ̀ gba ìjókòó iwájú mọ́ èrò lọ́wọ́. Ìjì ní gíláàsì níwájú ẹ̀, ó ní awò ńlá tó bo ojú ẹ̀ títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní kóòtù tó bọ́tìnnì ẹ̀ dé ọrùn. Àwa ńkọ́? Àwa ní imú. Wákàtí mẹ́rin, Bọ̀dá mi, wákàtí mẹ́rin ni mo fi jẹ ilẹ̀! Tíṣà kan jókòó tì mí, ọkùnrin tó gbayì, ó yọ búrẹ́dì jáde kó tó di pé a jáde nínú ìlú, ojú sì ń tì í láti dá a padà sápò. Ó ń jẹ ẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì tútù o! Màmá àgbà kan tutọ́ síta, afẹ́fẹ́ gbé e padà, ó balẹ̀ sí tíṣà létí. Tíṣà kàn ń jẹun lọ. Pẹ̀ẹ́! Ẹ má rẹ́rìn-ín! Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ma bínú jáde níbí, ma lọ sọ ọ́ láàárín ọjà!

Aṣọ ìnujú yín wá ńkọ́? Ta ló kọ́ yín nírú ìyẹn? Ẹ ní kí wọ́n máa rẹ aṣọ sómi nínú bàsíà, kí èrò máa fi nu ojú. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ mélòó? Ẹyọ kan! Ẹyọ kan fún èèyàn mọ́kànlá! Màmá àgbà fi nu ẹnu, ó gbé e fún tíṣà, tíṣà fun ikun sí i, ó fi ọ̀wọ̀ gbé e fún mi. Ó tiẹ̀ ká a fún mi kó tó fún mi. Mo gbé e padà sínú bàsíà pẹ̀lú ìka méjì, omi inú bàsíà ti nípọn, ó ń fà. Ẹ̀gbin!

Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ bo ẹnu yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an là ń lọ.

Aṣọ ọmọ wà lórí itan mi. Mo fi aṣọ ibùsùn méjì wé e, mi ò sì fi ẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan. Eruku gbígbẹ kò dẹ́rù bà mí, aránṣọ ni mí, mo mọ̀ pé tí mo bá débẹ̀, ma gbọ̀n ọ́n, ma fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, á lọ. Nígbà tí a dé àárín ọ̀nà, Ìjì dúró láti bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ fi omi fọ ẹnu, kí n má bàa kú. Mo gbé ìdì náà sórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ rárá, ẹ bi tíṣà. Ìgbà tí mo máa padà dé, Ìjì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí n dúpẹ́. Ó ní, "Màdáámù, mo rí i pé eruku ń bà á, mo bá yín bò ó." Kí ló fi bò ó? Kí ló fi bò ó, Bọ̀dá mi?

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí imú mọ́kànlá ti kọjá lára ẹ̀. Ó rin gbindin, omi ń kán. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun pé ohunkóhun tí eruku bá fẹ́ bà, kóun fi aṣọ tútù bò ó. Omi bá eruku, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ mu aṣọ ibùsùn àkọ́kọ́, ó mu èkejì. Mo ń gbàdúrà lọ́nà pé kó má dé inú.

Ó dé inú.

Ọmọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọkọ ẹ̀ dúró tì í. Mo tú u níwájú wọn, mi ò lè sọ pé mi ò ní í tú u. Àyà aṣọ gan-an ni àbàwọ́n náà wà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó pọ́n, ó tún dúdú létí. Ọmọ náà kò sunkún o. Ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣubú ni? Ṣé ẹ fara pa?" Èmi ló ń káàánú! Ìyá ọkọ ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó sì rọra sún sẹ́yìn. Ìgbà tí ọmọ rí i pé ó sún sẹ́yìn ni ẹkún tó bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé màmá mi ni..." Kò parí ẹ̀. Kò parí ẹ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yìn ẹ̀, lójú pópó, Ìjì ti ta kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó funfun báláú, gbogbo ará àdúgbò ìyàwó dúró, wọ́n ń kà á: ERUKU Ò SÍ NÍBÍ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ẹ gbà, mo ti tú u. Ẹ wò ó. Ẹ má yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wò ó! Ẹ gbóòórùn ẹ̀!

Ó rùn, àbí? Ẹ̀yin náà sún sẹ́yìn.

Ẹ ní ká fọ̀ ọ́? Ta ló fẹ́ fọ̀ ọ́ tí kì í bá ṣe èmi? Ma fọ̀ ọ́ lónìí, ma tú àyà ẹ̀, ma fi òmíràn sí i, ma lọ̀ ọ́. Ìyẹn ò kàn yín. Ohun tó kàn yín rèé: ta ló máa gbé e padà lọ lọ́la? Èmi kọ́! Mi ò tún fi ìdí kan bẹ́ǹṣì yẹn mọ́ láyé. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin gan-an, Bọ̀dá mi, ẹ ó wọ aṣọ funfun yín yìí, ẹ ó gbé aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lé itan, wákàtí mẹ́rin, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín gbé e fún un lójú ìyá ọkọ ẹ̀. Tí èérí bíńtín bá wà lára ẹ̀, ẹ ó ṣàlàyé fún un bí màmá ẹ̀ ì bá ṣe ṣe é.

Iwájú kẹ̀? Ẹ ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjì? Rárá o! Èèyàn ilé kì í gba ìjókòó iwájú. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá! Kò sí awò, kò sí kóòtù. Aṣọ ìnujú ń bẹ fún yín nínú bàsíà, mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má pa omi ẹ̀ dà.

Kí lẹ ń lọ ṣe lójú fèrèsé? Mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dìde? Ẹ ń pe Ìjì? Kí lẹ ní kó ṣe?

Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́ dáadáa, eruku wà létí mi. Ẹ ní kó já kọ́tìnì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́... kó lọ so ó mọ́ ẹ̀yìn? Lónìí olónìí? Lẹ́tà wá ńkọ́, Bọ̀dá mi? Eruku ò ní bo lẹ́tà mọ́ ni?

Háà! Hàhàhà! Ẹ yé, ẹ jẹ́ n di nǹkan mú, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Ẹ̀yin èrò tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ wá gbọ́ o! Ìjì! Ṣé o gbọ́ ọ̀gá ẹ? So ó mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ihò kan má ṣẹ́kù! Ọ̀gá fẹ́ wọ mọ́tò!