Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dìde Sọ̀rọ̀ Láàárín Eré

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tó lè bá mi du orin nínú gbogbo ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò fi yangàn o... àbí mo tiẹ̀ fi yangàn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè yangàn.

Títí, sún fóònù yẹn mọ́ mi, kó lè gba ohùn mi sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin àbúrò rẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí bàbá yín ní òun ò ní gbà kó lọ kọ́ eré olórin ní yunifásítì. Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kó lọ kọ́. Ó ní kí ni wọ́n ń fi orin ṣe. Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Bàbá mi, káfíńtà ni, nítòsí Ọjà Igbó. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà. Inú ìjọ yẹn ni mo ti kọ́ orin. Ọ̀gá akọrin wa, télọ̀ ni. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń kọ́ wa lórin. Á ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, á gbé ìwé orin lé mi níkùn. Á ní, "Àjọkẹ́, mí kí ìwé yẹn gòkè! Ikùn la fi ń mí, a kì í fi èjìká mí!" Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ìwé lé ikùn. Ẹ wo àwọn akọrin òde òní... wọ́n á gbá máìkì mú, wọ́n á máa pariwo, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ohùn ti há. Ṣé orin nìyẹn?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá mi rán mi lọ sí Ọ̀yọ́ láti kọ́ iṣẹ́ tísà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mìsísì. Tísà wa kan ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n bó bá wo èèyàn, onítọ̀hún á túnra mú. Ó ti lọ sí yunifásítì lọ kọ́ eré olórin: eré tó jẹ́ pé orin ló ń sọ ìtàn ibẹ̀, tí ẹni tó ń kọrin náà ló ń jó, òun náà ló ń ṣeré. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá òun ṣe ọ̀kan wá kọrin fún òun gbọ́.

Ta ló kọ́kọ́ lọ? Èmi Àjọkẹ́! Mo dúró ṣánṣán bí a ṣe ń dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú, mo gbé ohùn sókè. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mìsísì ò pàtẹ́wọ́.

"Ó dára," ló wí. "Gbé garawa omi yẹn rù, máa rìn yí yàrá yìí ká, kí o tún un kọ."

Mo gbé e. N ò tíì kọrin dé ìlà kejì tí èémí mi tán. Omi dà sí mi lára, orin kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn?" Mìsísì ló ń bi mí bẹ́ẹ̀.

"Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, mà. Mo kàn ń kọrin ni."

"Ìdí nìyẹn tí kò fi kan ẹnì kankan."

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọbìnrin kan láti Ìrẹsà, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, òun ni wọ́n fi ṣe olórí eré. Èmi? Ìran kan ṣoṣo, orin kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n ṣe obìnrin tó bá ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ lọ, tí nǹkan wá bàjẹ́, tó padà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀... mo fẹ́ kí Mìsísì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Oṣù mẹ́ta! Láràárọ̀ la máa ń sáré yí pápá ká, orin lẹ́nu wa. A kọ́ ijó. A kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú tí kò ní fara pa. A kọ́ bí èèyàn ṣe ń sunkún tí orin ò ní dà rú. Mìsísì á ní, "Ẹkún ò gbọdọ̀ dé ọ̀fun. Jẹ́ kó mọ sójú." Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀gá akọrin kọ́ mi ò sọnù o. Ikùn yẹn náà ni mo fi ń mí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo wá ń fi gbogbo ara mí.

Ọ̀rọ̀ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ kan nínú ìjọ wa, tó máa ń kó èrò wá sí Ọ̀yọ́, ló lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Alàgbà, ẹ ẹ̀ gbọ́? Wọ́n ti sọ Àjọkẹ́ di alárìnjó." Láyé ìgbà yẹn, èébú ni! Bàbá mi gbé ayùn sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé tí a fẹ́ ṣeré gan-an ló wọkọ̀ wá, pé òun á kó ẹrù mi, òun á mú mi lọ sílé. Ìgbà tó dé, eré ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí àgbàlagbà, wọ́n bá mú un lọ jókòó níwájú pátápátá.

Èmi ò mọ̀. Mo jáde tèmi, ẹrù lórí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo la ẹnu, mo ní "Bàbá mi..." Ojú mi bá kan ojú bàbá mi gan-an níwájú.

Ìlù ti lọ ṣáájú mi. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè Mìsísì yé mi, pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo bá kọ ọ́ sí bàbá mi:

"Bàbá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn,
òjò ń pa mí, ẹ ṣílẹ̀kùn.
Bí mo ṣẹ̀ yín, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bá mi wí,
ẹ má bá mi wí níta."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kí n kọ ọ́ kí ẹni tó ń ṣe bàbá tó ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi dìde fùú. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣílẹ̀kùn fún un jàre! Ṣé kì í ṣọmọ ẹ ni?"

Ariwo sọ! Jìnnìjìnnì mú ẹni tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ṣí i kíákíá. Èmi ò dúró o. Mo ń kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin bí mo ṣe ń wọlé lọ, omi ń dà lójú mi, ohùn mi ò mì. Mìsísì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ń pàtẹ́wọ́.

A parí eré, mo jáde lọ bá bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan yẹn?"

"Mìsísì ni, sà."

"Ó tún ń kọ́ ẹ ní iṣẹ́ tísà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wá ní, "Kọ́ méjèèjì. Má kọ́ èyíkéyìí lábọ̀." Ó bọ́ sínú ọkọ̀. Kò mú ẹrù mi lọ.

Títí, bàbá rẹ bi wá pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo bá ẹgbẹ́ onítíátà rìn fọ́dún mẹ́fà, a ṣeré dé Ìlọrin, dé Ọ̀fà. Nígbà tí mo bímọ tí n ò lè rìn mọ́, mo kọrin ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ lójú pópó. Mo kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe orin fún eré àwọn iléèwé. Ọmọ Sábó kan tí mo kọ́, Mùsùlùmí ni, òun ló ń darí eré fún àwọn ẹlòmíràn báyìí. Òmíràn ń ṣe ohùn fún eré àwòrán àwọn ọmọdé, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ò sí lójú agbo ń kọ́ni, ń kọ̀wé, ń ran aṣọ eré, ń tan iná eré. Iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ nìyẹn. Ilé ńlá ni, yàrá ibẹ̀ pọ̀.

Ayé ti yí ṣá... Wọ́n á ti gba orin sílẹ̀, wọ́n á kàn máa la ẹnu lójú agbo. Ó ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó lóhùn, tó sì fẹ́ kọ́ ọ, lọ kọ́ ọ. Ìwọ ṣáà sùn dáadáa, má pariwo kí ohùn má bàa há, má sì fojú di ẹni tí ohùn rẹ̀ ò tó tìrẹ.

Ó tó. Pa fóònù yẹn. Lọ sí pálọ̀, sọ fún bàbá rẹ pé ìyá rẹ̀ ń pè é. Sọ fún un pé kó gbé àga dání, torí ọ̀rọ̀ yìí máa pẹ́.