Etí Òsì Bàbá Msiska

Ẹ̀yin ará Nkhata Bay tí ẹ ń gbọ́ rédíò wa láàárọ̀ yìí, n kò ní sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja kí n tó tú àṣírí kan. Etí Bàbá Msiska kò di rárá. Èmi, Lusungu NyaGondwe, ni mo di í.

Ogún ọdún ni Bàbá fi ṣe ètò àárọ̀ yìí. Èmi ni igbákejì wọn, ipò wọn sì wọ̀ mí lójú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wa, mo ṣí kọ̀ǹpútà wọn, mo wá àmì tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì, mo sì fà á lọ sí ọ̀tún pátápátá. Nígbà tí Bàbá padà dé, tí wọ́n fi ohun ìgbọ́hùn wọn dé etí, wọ́n ní, "NyaGondwe, òsì dákẹ́ o." Wọ́n yọ wáyà, wọ́n tún tì í bọ ojú ihò rẹ̀. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún tàn án. Òsì kò fọhùn. Èmi ọ̀dàlẹ̀ gbà á, mo fi dé etí tèmi, mo ní, "Bàbá, méjèèjì ń dún kíkankíkan. Àbí ọjọ́ orí ni?"

Wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fọ etí náà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, Bàbá sì dá a lóhùn.

"Bàbá, etí yín gbọ́ mi. Kí ló wá ṣe é?"

"Ọmọ mi, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Iṣẹ́ ni kò gbọ́ mọ́."

Nílé, Màmá, ìyàwó wọn, ń kán òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n sì ń lọgun sí i bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ láàárín adágún.

Èyí tó burú jù nìyí. Bàbá ní, "Jẹ́ kí n yí ohun ìgbọ́hùn yìí padà, kí tòsì bọ́ sí etí ọ̀tún. Bó bá jẹ́ etí ọ̀tún ni kò gbọ́ nǹkan, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn." Ọgbọ́n àgbà! Bí wọ́n ti dijú, tí wọ́n ń yí i lórí, mo na ọwọ́ gba ẹ̀yìn wọn, mo sáré fa àmì náà lọ sí òsì. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n mí kanlẹ̀. "Etí mi náà ni." Bí wọ́n ti bọ́ ọ, mo tún fa àmì náà padà sí ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dágbére fún yín, gbogbo yín sunkún. Èmi ọ̀nì yìí ni mo na aṣọ ìnujú sí wọn.

Lánàá, Bàbá gbé ìrọ̀rí àga wọn wá fún mi: "Fi í jókòó, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ọ́." N kò lè fara dà á mọ́. Mo dá àmì náà padà sáàárín, mo fi ohun ìgbọ́hùn dé wọn létí. Ojú wọn là.

"NyaGondwe, kí lo fọwọ́ kàn?"

Mo jẹ́wọ́ tán. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "O fà á sí òsì nígbà tí mo yí i? Olè yìí, o mọṣẹ́ jù mí lọ!"

Màmá, tí wọ́n jọ wá, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọgun sí etí tó dá ṣáṣá! Ta ni yóò tún ọ̀nà ọ̀fun mi ṣe?"

Láti ọ̀la, Bàbá ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ipò àgbà bá wù yín, ẹ ṣe sùúrù, kí ẹ kọ́ṣẹ́. Ẹ má di àgbà létí. Ẹ foríjì mí. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Bí mo bá parí ètò yìí, ilé yín ni mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi so ajá yín mọ́lẹ̀.