Kòtẹ́milọ́rùn Dókítà ní Ẹnu Ọ̀nà Iná

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Kì í ṣe àlá àjẹyó ni mo fẹ́ rọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ríran nínú ìjọ yìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Dókítà tó jókòó níwájú yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìjọ wa, òun ni ọ̀gá wa ní ọsibítù. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwà tó ń hù sí àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ ọsibítù máa jókòó lé e. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ìgbìmọ̀ fi orúkọ mi pamọ́ fún un, àfi bí Bàbá Ìjọ ṣe nawọ́ sí mi pé èmi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà làwọn àgbààgbà ti ń wá kúnlẹ̀ nílé mi: "Ìyá Wálé, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ ò rántí dáadáa mọ́. Ọmọ wa ni."

Mo rántí dáadáa. Ẹ dárí jì mí nínú ilé Ọlọ́run: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọkùnrin yìí ju abọ́ irin lù mí lórí torí mo ní kó tún oògùn kan yẹ̀ wò. Ìyá Wúrà tó ń gbálẹ̀ fún wa, tó dàgbà tó ìyá tó bí i, omi ta láti ọwọ́ rẹ̀ sí bàtà Dókítà, ló bá ní kó kúnlẹ̀ kó fi etí ìró rẹ̀ nù ún níwájú àwọn aláìsàn. "Ìwọ yìí," bó ṣe ń pè é nìyẹn. Bó ṣe ń pe gbogbo wa nìyẹn, àyàfi bó bá rántí pé nọ́ọ̀sì ni wá. Ìyá Wúrà ò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìtìjú ló gbé e dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló gbà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo wá tẹ́ ẹní sí ilé àdúrà níbí. Mo ní, "Olúwa, ṣé kí n dákẹ́ ni àbí kí n sọ̀rọ̀?" Kí n tó ṣe àmín, oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló fọwọ́ tọ́ mi. Ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, má bi mí ní ìbéèrè púpọ̀."

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Wúrà ni mo rí lórí àga, ó na ẹsẹ̀ sínú omi, áńgẹ́lì kan kúnlẹ̀, ó ń bá a wẹ ẹsẹ̀ náà. Ó ń pè é ní orúkọ rẹ̀, "Ẹ̀sítérì Àbẹ̀kẹ́, ṣé omi náà ò gbóná jù?" Mo bú sẹ́kún. Ìyá Wúrà bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti parí ẹjọ́ wa?" Mo ní wọ́n ń bẹ̀ mí ni, Màmá. Ó yíjú padà sí omi tí wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀. Ooru pàdé wa lọ́nà. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ń tún ẹ̀rí èké wọn sọ, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń di ẹyín iná lẹ́nu wọn. Mo rí àwọn alágbèrè lórí bẹ́ẹ̀dì irin tó pọ́n yòò, wọn ò lè dìde kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn àgbàlagbà lórí eékún, sùtánà bíi tiwa ló wà lọ́rùn wọn, ilẹ̀ gbígbóná ń jẹ eékún wọn. Amọ̀nà mi ní, "Àwọn wọ̀nyí ń bẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kó dákẹ́. Wọn ò bẹ ẹni tó ṣẹ̀ kó yí padà." N ò ní sọ ojú tí mo rí níbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ igbe, mo bojú wẹ̀yìn, àwọn aninilára ni, wọ́n ń sáré, wọ́n ru abọ́ irin gbígbóná lórí, àwọn ẹ̀mí èṣù ń lé wọn, wọ́n ń kígbe "Ìwọ yìí! Ìwọ yìí!", kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n ń pè, gbogbo wọn ń dáhùn, gbogbo wọn ń jẹ pàṣán. Mo wá rí Dókítà lẹ́nu ọ̀nà iná náà.

"Èyí ò tíì ṣẹlẹ̀," ni amọ̀nà mi wí. "Ó ṣì lè yí padà."

Dókítà ń pariwo pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ohùn kan dá a lóhùn látòkè, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́: "Ó dáa. Dárúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ, kó wá jẹ́rìí gbè ọ́."

Ó wò yíká, ó rí mi. "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" Ohùn náà ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe orúkọ. Ó wá ń wá àyà mi, ibi tí káàdì orúkọ mi máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Sùtánà ni mo wọ̀, kò sí káàdì níbẹ̀. Amọ̀nà mi ní, "Ẹnu rẹ ò dí. Bó bá wù ọ́, sọ orúkọ rẹ fún un." Mo wo Dókítà tí òógùn bò, mo rántí etí ìró Ìyá Wúrà, mo pa ẹnu mi dé. Inú mi dùn, ẹ̀yin ará, n ò ní purọ́ fún yín. Ilẹ̀ là, ó gbé e mì.

Orí ẹní ni mo ti jí, òógùn ti rin aṣọ mi.

Ìkìlọ̀ rèé o. Ẹ kó eékún yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ lọ mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìyá Wálé tí wọ́n ń pè mí níbí kọ́ ni mo ń bi yín. Orúkọ tí mo ń jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí ẹ ń rí láyà mi ní gbogbo ọdún tí a fi jọ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lè pè é báyìí níwájú ìjọ, n ò ní lọ jẹ́rìí ní Ọjọ́bọ̀.

Bàbá Ìjọ, ẹ má sọ ọ́ sí i létí. A ń dúró dè yín, Dókítà.