Pátákó Tó Lè Yí Ni Mo Fi Ṣe Bẹ́ǹṣì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbà obìnrin ni mí, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Mo pa irọ́ mọ́ ọmọ àbúrò mi, ọmọ náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí irọ́ náà títí di òní. Ó ń bọ̀ wá sí Accra lóṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Accra níbí ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ní Lapaz, létí títì, ni mo ti ń ta ẹrù àlòkù tí wọ́n ń fi kọ̀nténà kó wá láti ìlú òyìnbó: fíríìjì, kẹ̀kẹ́, ìkòkò, àga. Nígbà kan, mo rí pátákó gígùn méjì nínú ẹrù tí mo rà. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, orí àti ìdí wọn ká sókè díẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ní, "Ìyá Alátà, ṣé orí èyí lẹ ó ti máa lọ aṣọ ni?" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Mo gbé dúdú ti ògiri. Mo gbé pupa sórí búlọ́ọ̀kù méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó di bẹ́ǹṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbàdí ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi. Bí mo bá jókòó sórí pátákó yẹn, á tẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ mi, á rọra gbà mí. N kò rí ìjókòó tó tù mí lára bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọmọ àbúrò mi yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ́sẹ̀dé, ń kàwé ní Kánádà nígbà náà. Accra ni wọ́n bí òun náà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó rí àwòrán ẹrù mi lórí fóònù, ló bá pè mí.

"Màámà Lapaz, mepa wo kyɛw, pátákó yìnyín nìyẹn!" Bó ṣe ń fi Twi bẹ̀ mí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ ọn.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọ́n máa ń dúró lé e lórí, wọn á máa yọ̀ wá láti orí òkè tí yìnyín bò, etí pátákó á máa gé yìnyín bí ẹni ń fi ọ̀bẹ fà á, á máa fa ìlà tó yí po. Ó ní kí n gbé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kanlẹ̀, kí n fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Dúdú kò mira. Pupa tẹ̀.

"Pupa yẹn ni, Màámà. Mo fúyẹ́. Bí pátákó bá le, mi ò ní lè tẹ̀ ẹ́, á kàn máa gbé mi lọ tààrà ni. Òkè ibí náà kéré. Kí n tó sáré débi tí eré á fi bá mi tẹ̀ ẹ́, òkè ti tán. Pupa yẹn kúrú ju dúdú lọ, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín, á tètè yí."

Mo ní, "Pátákó náà ní ìbàdí?"

Ó ní, "Ó ní ìbàdí ju èmi lọ, Màámà."

A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá rẹ̀, àbúrò mi, fẹ́ lọ kí i lọ́sẹ̀ kejì, òun ni yóò gbé e lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé kọ̀wé sórí fóònù mi, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: "Mama e ba mi di eyi to le yi."

Orí pátákó pupa ni mo jókòó sí tí mo fi kà á. Mo mọ ohun tó ń sọ. Èyí tó lè yí ni. Ṣùgbọ́n mo tún un kà, mo rí i pé ẹni tó bá fẹ́ lè kà á sí èyí tó le yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo dìde, mo fi páálí di dúdú. Mo fi aṣọ bo bẹ́ǹṣì mi.

Ọmọ náà rí i pé dúdú ni. Ó gùn ún bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó dùn mí. Pátákó gbé e lọ tààrà sára ọgbà onírin, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán.

Nígbà tí àbúrò mi dé, gbogbo ilé pé jọ ní àdúgbò Alajo lẹ́yìn ìsìn. Bọ́sẹ̀dé wà lórí fóònù. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló yan pátákó yẹn?" Mo yọ ìwé tó kọ jáde, mo kà á sókè: "Èyí tó le yìí. Ṣé èmi ni mo kọ ọ́?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ẹnìkan ní, "Yorùbá rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tó-le-yìí.

Bọ́sẹ̀dé ní, "Ṣùgbọ́n mo sọ pupa..." Mo ní fóònù ń já, n kò gbọ́, mo tún ní mo ti ta pupa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámà. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Mo ti foríjì ẹ́."

Mo dúpẹ́ pé ọwọ́ náà jinná. Mo dúpẹ́ pé kò bínú sí èdè wa. Ó wá ìyá àgbà ará Ọ̀yọ́ kan rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀, ó kọ́ kíkà, ó kọ́ àmì. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ó ti ra pátákó tirẹ̀, èyí tó rọ̀. Ó fi àwòrán òkè kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, ìlà tó fà sórí yìnyín rí bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kọ nǹkan sójú ẹ̀kọ gbígbóná. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì: "Màámà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ èdè mi. Ẹ ṣeun."

Àmì tí ẹ ń rí lórí ọ̀rọ̀ mi yìí pàápàá, òun ló kọ́ mi lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, láìkanra mọ́ mi rí. Ọpẹ́ tí mo ní sí ọmọ yìí kò ṣeé sọ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Màámà, tí mo bá dé, iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti fẹ́ jókòó, kí n ka ìtàn tí mo kọ fún yín." Mo ní kó máa bọ̀.

Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀, aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà ṣì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó, á tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, yóò sì mọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n ká aṣọ náà kúrò kó tó dé, àbí kí n jẹ́ kó jókòó ná?